Lẹ́tà sí bàbá tí mo já kulẹ̀ ní Atlanta

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rántí mi mọ́, èmi ò gbàgbé yín. Ọdún 2016 ni, ẹ gbé fáìlì kan tẹ́ ẹ fi rọ́bà dè wá sí ọ́fíìsì wa ní Atlanta, ẹ fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ yín máa bá wa tọ́jú àwọn bíldìn wa, gbígbá, nínù, gbogbo ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe rí orúkọ lára káàdì tó wà lọ́rùn mi báyìí lẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní "ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, ọmọ ibo ni ẹ́?" Mo ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ẹ sì ṣàdúrà fún mi lójú gbogbo àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín, ìlà méjì péré, pé a ti mú ẹlòmíì. Mi ò sọ ìdí ẹ̀. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ yín dáa, àwọn tẹ́ ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí ò sọ nǹkan burúkú kan nípa yín. Owó ni. Ilé-iṣẹ́ wa kì í san owó àfi tí invoice, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi ń béèrè owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe, bá ti pé 60 ọjọ́ lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san owó wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ká ní $30,000 ló ń lọ lóṣù lórí òṣìṣẹ́ àti ọṣẹ, ẹ ó ṣiṣẹ́ oṣù kan, ẹ ó fi invoice sílẹ̀, ẹ ó tún dúró fún oṣù méjì, $90,000 á ti jáde lápò yín kí kọ́bọ̀ tó wọlé. Ọ̀gá mi wo ìwé báńkì yín, ó ní èyí máa kú sí wa lọ́wọ́ ni kó tó pé oṣù mẹ́ta. Kò parọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé àtúnṣe ẹ̀ wà, mo sì mọ̀ ọ́n! Ẹ lè ní ká máa san tiyín ní 30 ọjọ́, ẹ lè lọ gba line of credit ní báńkì, ìyẹn owó tí báńkì gbà pé ẹ lè máa yá nígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa torí báńkì kì í dá ẹni tó ti há lóhùn, ẹ sì lè fi èlé owó yẹn kún iye tẹ́ ẹ pè fún wa. Ogún ìṣẹ́jú ni mo nílò láti ṣàlàyé ẹ̀ fún yín.

Mo tún kọ irú ímeèlì yẹn sí àìmọye èèyàn kó tó sú mi. Ní 2021 mo fi iṣẹ́ procurement sílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ yíyan àwọn tí ilé-iṣẹ́ máa gbéṣẹ́ fún, owó oṣù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì, màmá mi sunkún lórí fóònù, wọ́n ní ta ló sà sí mi. Yunifásítì kan ni mo wà báyìí, níbi tá a ti ń kọ́ àwọn tó ti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, aláwọ̀ dúdú, Latino tí ìdílé wọn wá láti Látìn Amẹ́ríkà, ọmọ Éṣíà, àwọn Native tó jẹ́ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń pè ní minority níbí. A ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ òwò o, wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ka ìwé ìṣirò ara wọn bíi ti ọ̀gá àgbà la jọ ń ṣe. Obìnrin kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ṣírò iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń ná an, ló bá rí i pé oníbàárà tó tóbi jù lọ ló ń jẹ ẹ́ run, ó jáde síta fúngbà díẹ̀ kó tó wọlé padà wá jókòó.

Ẹ̀kọ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tuck, ilé-ẹ̀kọ́ òwò ní yunifásítì Dartmouth, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti 1980, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí terminal tuntun ní pápákọ̀ òfúrufú Atlanta tí Maynard Jackson tó jẹ́ mayor Atlanta nígbà yẹn ti fi dandan lé e pé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kan àwọn minority. Mo rántí pé sátífíkéètì yín wà lókè nínú fáìlì yẹn, èyí tó ní ilé-iṣẹ́ minority ni tiyín, pé ẹ̀yin lẹ ni ó kéré tán ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, ẹ tiẹ̀ fi ike bò ó. Bàbá, ìwé yẹn ló jẹ́ ká ṣí fáìlì yín o, kò lè bá yín san owó òṣìṣẹ́.

Mo pe nọ́ńbà yín lóṣù tó kọjá, ẹlòmíì ló gbé e. Mo wakọ̀ dé àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà yín, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun ló wà níbẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà yìí, tàbí tọ́mọ yín bá rí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí, kíláàsì tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ní September. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ pè nígbà yẹn náà ni mo ṣì ń lò. Màá gbé e.