Sí ẹ̀yin ọmọkùnrin ilé wa, nítorí ọ̀rọ̀ igo

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbé àbúrò yín wá bá mi, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti yí. Igo ọtí bítàsì mẹ́ta ló mu lóde ìyàwó. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Màmá, ohun tí ọkùnrin ń mu nìyẹn." Ta ló sọ fún un? Pátákó ìpolówó etí títì ni! Ọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, igo lọ́wọ́, obìnrin méjì ń wò ó.

Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, àmọ́ ó pẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé àdúgbò wa. Ojú fèrèsé onílé kejì la ti ń yọjú wò ó. Bó bá jẹ́ ọṣẹ ni wọ́n ń polówó, obìnrin ló wà nídìí báàfù. Bó bá jẹ́ èròjà ọbẹ̀, obìnrin náà ni. Ọkùnrin á kàn wọlé, á tọ́ ọbẹ̀ wò, á rẹ́rìn-ín. Bàbá yín àgbà, tó ń fọ aṣọ ara rẹ̀ kó tó fẹ́ mi, wá ń sá lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé lóru kẹ́nì kan má baà rí i. Ẹ̀rín pa mí nígbà náà. Kò pa mí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀n sọ pé ìlànà kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà 2019, látọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó: ìpolówó ò gbọdọ̀ sọ pé báyìí lọkùnrin ń ṣe, báyìí lobìnrin ń ṣe, lọ́nà tó lè pa èèyàn lára. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, wọ́n ti dá ìpolówó méjì dúró: ti wàràkàṣì Philadelphia, níbi tí bàbá méjì ti ń jẹun títí wọ́n fi gbàgbé ọmọ sórí ẹ̀rọ tó ń gbé oúnjẹ yípo, àti ti mọ́tò Volkswagen, tí ọkùnrin elẹ́sẹ̀ àtọwọ́dá ń fò fíìrì, tí obìnrin kàn jókòó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin ti ń wa mọ́tò nínú ìpolówó, bàbá ti ń se núdù fọ́mọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n igo yìí! Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni? Wọ́n gbé báàfù kúrò níwájú obìnrin, wọ́n gbé igo lé ọkùnrin lọ́wọ́. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ sóde. Ẹ fọ abọ́ yín, ojú ọ̀sán ni o. Ẹni tó bá sì ń pè yín lọ́kùnrin gidi, ẹ bi í léèlò ló ń tà á. Igo yìí ń bà mí lẹ́rù.

Ìwọ tó o ṣì dùbúlẹ̀ ní yàrá mi, ṣẹ́ẹ̀tì tó o bì sí ń bẹ nínú báàfù níta. Ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.