Àga akàndá ẹ̀dá dà ní iléèwé ìjọ?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí oṣù Kejìlá bá ti dé, àwọn ìjọ wa á pe àwọn aláàbọ̀ ara sí gbọ̀ngán, wọ́n á fún wọn ní ìrẹsì, òróró àti ánkárá, fọ́tò á sì jáde. N kò ní kò dáa. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ọdún bá yí, tí ìyá ọ̀kan nínú wọn mú ọmọ rẹ̀ lọ sí iléèwé tí ìjọ yẹn kan náà dá sílẹ̀, “A ò ní tíṣà irú wọn, Mọ́mì” ni wọ́n máa wí fún un.

Ó ṣojú mi. Mo sin ìyá kan ládùúgbò wa lọ gba fọ́ọ̀mù fún ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá méjì rìn. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri sókè ketekete: “Ìbẹ̀rù Olúwa ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n.” Ọ̀gá iléèwé kò tilẹ̀ bi í ní orúkọ. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí: “Ṣé ọpọlọ rẹ̀ pé ṣá?” Ó ní òkè kejì ni kíláàsì JSS One wà, pé kí wọ́n lọ wá ibi tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kíláàsì wà nísàlẹ̀ ilé yẹn. Ṣé kò ṣeé ṣe kí JSS One sọ̀ kalẹ̀ ni? Kọ́bọ̀ kan kò ní bá a lọ.

Àwọn Kristẹni kan ti wà tí kò dáhùn báyìí. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, di adití lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n torí adití dá sílẹ̀, kọ̀ ọ́ léraléra kí wọ́n tó gbà á. Lọ́dún 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde níbẹ̀. Ó dá iléèwé adití sílẹ̀ ní Gánà lọ́dún 1957, ó dé Ìbàdàn níbí lọ́dún 1960, iléèwé tó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà sì lé ní ọgbọ̀n kí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tó pa á ní Rwanda lọ́dún 1987. Àwọn Kátólíìkì náà dá iléèwé Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, nílùú Èkó, lọ́dún 1962. Iléèwé ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí o, a sì ṣì nílò wọn, torí ọmọ adití tó wà ní kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò ti lè fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, ìjókòó lásán ló jókòó. Ṣùgbọ́n òbí mélòó ló lè gbé ọmọ láti Ìsẹ́yìn lọ sí Èkó?

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù Kìíní ọdún 2019 ní kí gbogbo iléèwé ìjọba gba akàndá ẹ̀dá, kí wọ́n sì ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ nípa wọn. Ìjọba kò tíì ṣe tó, a sì ń fi bú wọn lórí pẹpẹ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìjọ tó ń pààrọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹní pààrọ̀ aṣọ (a ò kúkú rí oorun sùn mọ́ ládùúgbò) kò lè ní òun ò rówó oṣù san fún tíṣà kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977.

Àwọn kan á ní ká kọ́kọ́ gbàdúrà kí ọmọ rí ìwòsàn. N kò bá àdúrà jà, alàgbà ni mí. Àmọ́ ẹ ka 2 Samuẹli orí 9. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Mefiboṣeti nígbà tó já bọ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀ tó ń sá lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi rọ. Ilé onílé ló ń gbé ní Lodebari. Dafidi ì bá fi àpò ọkà ránṣẹ́ sí i, kó parí síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ mú un wá ni. Ó dá ilẹ̀ Saulu, bàbá bàbá rẹ̀, padà fún un, ó sì ní kó máa bá òun jẹun bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe sàráà, ogún rẹ̀ ni. Kò sì síbi tí Bíbélì ti sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ san. Ní ìparí orí náà, ó ṣì rọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ìdí tábìlì ọba ló sì ti ń jẹun.

Kí sáà tuntun tó wọlé lóṣù Kẹsàn-án, ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn yín sí àwọn tó ń bójú tó iléèwé àwọn ìjọ, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Bàtíìsì, Kátólíìkì àti àwọn ìjọ tuntun. Kó bi wọ́n pé akàndá ẹ̀dá mélòó ló wà nínú ìwé orúkọ wọn, tíṣà mélòó ló sì lè fọwọ́ sọ̀rọ̀ tàbí ka ìwé afọ́jú. Ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde bí wọ́n bá ṣe fún yín gẹ́lẹ́.

Èmi ni tiyín,
Alàgbà ìjọ kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.