Àkànní, pe bàbá kékeré rẹ

Àkànní ọmọ mi,

Ara wa le. Ìyá àgbà ti ń rìn dáadáa, wọ́n ti kan páànù tí atẹ́gùn ṣí, ọjà Ìtòkú kàn wà bẹ́ẹ̀. Owó tí o ní wàá fi ránṣẹ́ kò tíì dé, ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé. O jáde nínú gúrúùpù ẹbí, o ò gbé ìpè bàbá kékeré rẹ mọ́, torí wọ́n ní irọ́ ni ohun tí o gbà gbọ́, pé Ààrẹ Buhari ti kú tipẹ́, pé Jibril ará Sudan tó jọ ọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Lóòótọ́, Buhari lọ gbàtọ́jú ní London lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2017, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sì ju oṣù mẹ́ta lọ. Wọn ò sọ àìsàn tó ń ṣe é fún aráàlú, ibẹ̀ ni àhesọ ti ráyè wọlé. Àṣírí yẹn dun gbogbo wa, mi ò bá ọ wí pé o bínú sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2018, ní Poland, wọ́n bi í léèrè, ó ní òun gan-an ni. O ní ohun tí ayédèrú náà máa sọ nìyẹn. Buhari gbé ìjọba sílẹ̀ ní 2023, ó kú ní London ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, wọ́n sin ín sí ilé rẹ̀ ní Daura ní ọjọ́ 15, lójú aya àtọmọ. O tún ní Jibril ni wọ́n sin! Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Èyí, òtítọ́ ti bá a, ìwọ lo tún ń ràn án lọ́wọ́ kó sá lọ.

Ọkọ mi, Jibril kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ lo ń sọ di ara irọ́ náà, ẹni tó gbé e wá a sì di ọ̀tá. Ta ló máa wá kù fún ọ? Ó ń dùn mí pé bàbá rẹ ò sí láyé láti bá ọ jókòó.

Yẹ nǹkan wò kí o tó gbà á. Tí ọfà méjì bá wà lórí ohun tó wọ Wasaàpù rẹ, ó ti la ọwọ́ tó márùn-ún kọjá. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ ò mọ orísun rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé àwòrán méjì síra, wo lẹ́tà tó wà lára ògiri tàbí aṣọ: bó bá kọ sódì, wọ́n ti yí àwòrán yẹn, ọwọ́ òsì ti di ọ̀tún. Fi Google Lens, tó ń bá èèyàn wá àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wá ibi tó ti jáde rí.

Ìbò 2027 ló gba ọkàn mi jù, bí wọ́n bá fi àwòrán èsì ránṣẹ́ sí ọ. Orí fọ́ọ̀mù EC8A ni èsì ibùdó ìdìbò máa ń wà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí òṣìṣẹ́ INEC àti ti àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Wọ́n ń kọ ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n tún ń kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi 1 síwájú 67 kó lè di 167 á gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí o máa kọ́kọ́ wò. Ro gbogbo ìbò pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́. Kò gbọdọ̀ ju iye àwọn olùdìbò tí BVAS, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò INEC, yẹ̀ wò lọ. Lẹ́yìn náà, ṣí IReV, ojúlé INEC tí wọ́n ń gbé àwòrán èsì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mú ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ibùdó náà, kí o fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Tí kò bá tíì sí níbẹ̀, dúró. Ní 2023, èsì ìbò ààrẹ pẹ́ kó tó gorí rẹ̀, inú bí àwọn èèyàn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Àmọ́ irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláyédèrú ń wá. Má fi fóònù rẹ dáná sí àdúgbò ẹlòmíràn, mo bẹ̀ ọ́.

Mi ò ní kí o wá dọ̀bálẹ̀. Pe bàbá kékeré rẹ lálẹ́ òní, wọn kì í sùn kí aago mẹ́wàá tó lù. Fi ọ̀rọ̀ Jibril sílẹ̀, bi wọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣetán láti dá ọ padà sínú gúrúùpù, ìwọ ló ń dúró dè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Abẹ́òkúta.