Ẹ Má Ní Kí Ìjọba Dá Iye Lé Ọjà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìfaradà. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọjà ò ṣe é sún mọ́ mọ́. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ní kí ìjọba fòfin dá iye lé gààrí àti ìrẹsì. Ebi ló ń pa yín, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ kí ẹ dé ibẹ̀.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, níbí ní Ìkọ̀lé. Tó bá sá kòkó sórí ẹní, ọwọ́ ló fi ń rò ó láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kó o sápò, á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á fi eyín fọ́ ọ. Bó bá dún ká, ó gbẹ. Kò sẹ́ni tó mọ kòkó yẹn jù ú lọ, síbẹ̀ kò lẹ́nu lórí iye tó máa tà á. Láti 1947 ni ìjọba òyìnbó ti dá àjọ tó ń ra kòkó sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba di tiwa, a ò tú u ká. Àjọ yìí á ti dá iye kí àgbẹ̀ tó kó kòkó dé. Owó tó bá lé lórí ẹ̀ tí wọ́n bá tà á lókè òkun, ọwọ́ ìjọba ló ń bọ́ sí.

Mi ò ní parọ́: owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọdún yẹn gan-an ni mo wọ kíláàsì kìíní. Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò tíì darúgbó tó fi jáwọ́ nínú gbígbin igi tuntun. Ó ní ta ni òun ń gbìn ín fún? Nígbà tí wọ́n tú àjọ náà ká ní 1986, tí àwọn tó ń ra kòkó ń gbówó wá bá àgbẹ̀ nílé, bàbá ti lọ. Àwọn kan ta kòkó tútù nígbà náà, ìyẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pa oko tì tún mú àdá.

Ní 1984, ṣọ́jà ń wọ ọjà, wọ́n ń fipá ta ẹrù àwọn ìyá ní iye tí ìjọba dá. Ìyàwó mi gbé àpò ìrẹsì mẹ́rin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ àwọn ọmọ bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó wà lọ́wọ́ ẹni, kò sí ìrẹsì tá a máa fowó náà rà.

Ohun tó jẹ́ ti ìjọba ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n yìnbọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ wa yìí. Ta ló máa lọ sóko? Iṣu tí kò sẹ́ni tó lè wà, ṣé òfin ló máa wà á?

Kì í sì í ṣe ìjọba nìkan ló ń dá iye lé ọjà. Ọmọ àbúrò mi kó iṣu lọ sí ọjà kan lóṣù tó kọjá. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni àfi ọmọ ẹgbẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu ẹ̀, ó tà á ní iye tí wọ́n pè, obìnrin tó rà á sì gbé e síbẹ̀ náà, ó fowó lé e.

Bàbá yín,
Ìkọ̀lé-Èkìtì