Ẹ Bi Ojú Irin Pé, Ibo Ló Ń Lọ?

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìdàgbàsókè ayé,

Mo kí yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di tíṣà jọ́gíráfì, olú-ìlú ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ há sórí. Àṣìṣe gbáà. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́n, mo ní kí wọ́n máa ya ojú irin Nàìjíríà.

Ẹ ya tiyín náà. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó ń lọ títí ó fi wọ Kánò. Òmíràn gbéra ní Port Harcourt, ó gba Enugu kọjá, níbi tí èédú wà. Ẹ wá bi í pé, ibo lò ń lọ? Òkun ni. Ẹ̀pà Kánò, kòkó ìhà ọ̀dọ̀ wa, èédú Enugu, etíkun ni gbogbo wọn kọrí sí. Bí wọ́n ṣe tò ó yìí, ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti Ìbàdàn lọ sí Enugu, àfi kó kọ́kọ́ gòkè dé Kàdúná! Àwọn tó la ọ̀nà yẹn, ẹrù ló wà lọ́kàn wọn, kì í ṣe pé kí ará ilé lè rí ará ilé.

Ẹ̀yin ọmọ olóko kòkó, ẹ ṣí máàpù Yúróòpù. Òtútù ò lè jẹ́ kí igi kòkó hù lóko ní Nẹ́dálándì, síbẹ̀ èbúté Amsterdam ni kòkó ń gbà wọlé jù lọ láyé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, ọjà London àti New York ni wọ́n sì ti ń ná iye rẹ̀. Òjò àti oòrùn ló fún wa ní kòkó. Kí ló fún wọn ní ẹ̀rọ? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì kúkúrú tàn yín jẹ lórí ìyẹn.

Ẹ má sì fi owó nìkan wọn ìlú. Ní 1990, Mahbub ul Haq, ọmọ Pakísítánì, bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tó ń wo ẹ̀mí gígùn, ẹ̀kọ́ àti owó tó ń wọlé pa pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n àpapọ̀ ni. Kò lè sọ fún yín ẹni tó ń ra omi kẹ́ẹ̀gì l'Ékòó.

Ṣé ibi tí ìlú ẹni wà wá di àyànmọ́ ẹni ni? Rárá o. Bòtìswánà, ní gúúsù Áfíríkà, ò ní òkun, ó sì wà lára àwọn tó tòṣì jù láyé nígbà tó gbòmìnira ní 1966. Lọ́dún kejì ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní Orapa. Ogun ni irú ẹ̀ dá sílẹ̀ níbòmíràn. Àwọn sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kì í ṣe ti ẹ̀yà tó ni orí ilẹ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ la ọ̀nà, wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí kálukú mú nǹkan kan nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ìbáà ṣe ike tómátò, kó wá ibi tó ti wá, kó ya ọ̀nà tó gbà. Ẹ mú un wá fún mi. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wá o, mo máa ń sùn lọ́sàn-án.

Èmi ni,
Bàbá yín, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì