Sí Àdùkẹ́, lórí èsì JAMB

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àǹtí rẹ ní Tánkẹ̀. Ó ní látọjọ́ tí èsì ti jáde, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́, o sì ń pe ara rẹ ní olódo. Jọ̀wọ́, má pe ara rẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi àti ìyá rẹ kò sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Mo wo èsì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Gẹ̀ẹ́sì 56, Báyọ́lọ́jì 58, Kẹ́místírì 41, Físíìsì 32. 187 nínú 400 kò tó fún nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìlọrin, n kò ní purọ́ fún ọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣe bí àgbà fún mi. Kí ló gbé ọ ṣubú? O ní nígbà tí o fi máa dé orí Físíìsì, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, o wá ń tẹ ìdáhùn láìka ìbéèrè. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ọmọ mi! Kò tó ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó 60 nínú rẹ̀, ibẹ̀ lo sì jókòó tì. Ọpọlọ rẹ kò ní àbùkù. Nóòtì lo ń kà lákàtúnkà, o kò gbé aago síwájú ṣe ìṣirò rí. Ẹlòmíì yege láìmọ irú èyí nípa ara rẹ̀, àfìgbà tó bá wọ yunifásítì. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n báyìí, má jẹ́ kó ṣòfò.

Ẹnì kan ń sọ fún ìyá rẹ pé ọwọ́ ayé ni. A óò gbàdúrà, a kì í kọ àmín. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kó o má ṣe ìṣirò. Ẹni tó sì ní ká mówó wá, kí àwọn bá ọ ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, má dá a lóhùn rárá. Bí wọ́n bá bá ọ ṣèdánwò, ta ni yóò bá ọ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́?

Ọmọ Ọ̀fà ni ọ́, ìjàkadì lorò wa. Ẹni tí wọ́n bá dá mọ́lẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n fi dá a ló ń lọ kọ́ kó tó padà sójú agbo.

Ní Sátidé, wọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà kí o máa bọ̀. Kó àwọn ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá dání. Tíṣà Físíìsì tó wà lẹ́yìnkùlé wa ti gbà láti máa bá ọ jókòó nírọ̀lẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ