Ìmọ́lẹ̀ Ló Ń Tan Fóònù Jẹ, Kì Í Ṣe Ìwé Àyẹ̀wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí pélébé ìwé tó ń pàwọ̀ dà, tí wọ́n ń fi fóònù yà láti mọ ohun tó wà nínú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé tí ìwé bá ti pàwọ̀ dà, iṣẹ́ ti parí. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ojoojúmọ́ ni mò ń lo ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀. Kì í ṣe nǹkan àná rárá: ní 1956 ni Clinistix tí Helen Free àti Alfred ọkọ rẹ̀ ṣe jáde ní Amẹ́ríkà, fún ṣúgà inú ìtọ̀. Ẹ́ńsáìmù méjì, ìyẹn èròjà tó ń mú kí kẹ́míkà tètè yí padà, ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Èkíní á mú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide jáde láti ara ṣúgà, èkejì á fi ìyẹn yí àwọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n rẹ sínú ìwé náà padà. Ní 2007, onímọ̀ kẹ́mísírì George Whitesides àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ya ojú ọ̀nà tóóró sára ìwé, tí ìtọ̀ á fi máa wọ́ lọ fúnra rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan. Nígbà tó di 2008, wọ́n ti ń fi kámẹ́rà fóònù ya irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lóru ọjọ́ kan, mo ti ìwé bọ ìtọ̀ aláboyún kan, mo ka ìṣẹ́jú kan, mo gbé e sábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n. Ojú ibi tí a fi ń wo purotéènì rí bí ìyeyè, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ obìnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo mú ìwé mìíràn, mo gbé e lọ sábẹ́ iná funfun ní yàrá kejì: àwọ̀ ewé ni, ìyẹn ni pé purotéènì wà níbẹ̀. Ìtọ̀ kan náà, ìgò ìwé kan náà! A ò jẹ́ kó lọ sílé, dókítà sì wá wò ó nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún.

Tó bá jẹ́ fóònù ni mo gbé síbẹ̀ ńkọ́? Ó lè burú ju ojú mi lọ, torí kámẹ́rà máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ kí fọ́tò lè dára, fóònù méjì kì í sì í tún un ṣe bákan náà.

Oògùn rẹ̀ wà, kò sì le. Kí wọ́n tẹ àwọn àwọ̀ tí a ti mọ̀ sórí káàdì tí a ó gbé ìwé náà lé, kí funfun àti dúdú wà lára wọn, kí gbogbo rẹ̀ wọ inú fọ́tò kan náà. Iná tó bá yí àwọ̀ àyẹ̀wò á yí ti káàdì náà, fóònù á wá fi ọ̀kan ṣírò èkejì. Kí áàpù máa ṣọ́ àkókò pẹ̀lú. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé ká ka ṣúgà ní ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹni tó yà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ń ka nǹkan mìíràn ni. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé tí iná ò bá dára, kí áàpù sọ pé òun ò rí i kà, kí a tún un yà. Mi ò lè fara mọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa fojú dá àìsàn.

Mi ò kórìíra fóònù o. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò lè fi ojú ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Irú ẹ̀rọ yìí á ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún pàdé àwọn tó ń ṣe é, kó bi wọ́n pé: abẹ́ iná wo lẹ ti dán an wò, ṣé fóònù olówó pọ́ọ́kú sì wà lára èyí tí ẹ lò?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ń kà yín